Ajá Náà Gbọ́ Fèrè

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Kétu, ní Pobẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti níbi gbogbo tí ẹ ti ń gbọ́ èdè wa,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó kan ilẹ̀kùn mi nítorí ajá ti tó 7. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Bàbá, báwo la ṣe ń sọ ajá di akọni?" Kò sí ẹnì kan tó bi mí bí a ṣe ń pe ajá tí yóò fi wá. Ìyẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí. Ìtàn ìlú wa sì sọ pé ọdẹ ló ṣíwájú Ọba Ẹdẹ, ẹni tó tẹ ìlú wa dó, dé ibi tí Kétu wà lónìí, nítorí náà ajá kì í ṣe àlejò láàárín wa. Bàbá mi ní mẹ́ta. Èmi fúnra mi ṣiṣẹ́ ọdún 11 pẹ̀lú àwọn tí ń ṣọ́ ilé ní Kùtónú, níbẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ àwọn ajá ńlá ilẹ̀ Jámánì. Nígbà tí mo padà wálé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn kọ́ ajá wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, Kùtónú kọ́ ni mo ti rí i. Ajá mi kan ló fi ẹ̀mí rẹ̀ kọ́ mi.

Ẹjẹ́nsinmi lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: orúkọ ajá la fi ń pòwe fún aládùúgbò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn, tí kò fẹ́ bá èèyàn jà lójúkojú, á fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, á máa pè é láàárọ̀ lálẹ́ kí onítọ̀hún gbọ́. Ìjà ààlà ilẹ̀ wà láàárín èmi àti ẹni tí ògiri wa jọ kanra nígbà náà. Bí mo bá ti ń pe ajá yìí, ohùn mi á le, ojú mi á pọ́n, nítorí kì í ṣe ajá ni mò ń bá wí. Ajá kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun mọ̀ ni pé bí orúkọ òun bá ti jáde lẹ́nu olówó òun, inú ti ń bí olówó òun nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó jẹ ẹyin adìyẹ ìyàwó mi. Mo pè é nírọ̀lẹ́. Ó wá, ó ń ju ìrù, mo dì í mú, mo nà án. Mo rò pé nítorí ẹyin ni mo ṣe nà án. Rárá o. Ẹyin ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀. Ohun tó ṣe kẹ́yìn kí pàṣán tó bà á ni pé ó dáhùn nígbà tí mo pè é. Wíwá tó wá ni mo nà án sí.

Ní ọjọ́ kẹta, a jọ ń ti oko bọ̀ lójú ọ̀nà Ìlárá. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó lé e gun títì. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù kí n tó rí i. Mo fọn fèrè, mo pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó gbọ́. Mo rí etí ọ̀tún rẹ̀ tó yí sọ́dọ̀ mi. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè tí kò gbé e sílẹ̀ mọ́, tí ìrù rẹ̀ wọ abẹ́ itan. Ó dúró láàárín títì, ó ń wò mí, ó ń rò ó bóyá kí òun wá tàbí kí òun má wá. Awakọ̀ náà tẹ bíréèkì, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mi ò bá òwe jiyàn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti pa á létí mi, mo máa ń bi ara mi pé ta ló ba fèrè náà jẹ́ létí ajá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má pe ajá wá jẹ ìyà láé. Bí ó bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ rìn lọ bá a níbi tó wà, ẹ gba nǹkan náà lẹ́nu rẹ̀, ó parí. Bí ó bá pẹ́ kó tó dé, tí inú ti ń bí yín, ẹ gbé ìbínú náà mì, kí ẹ yìn ín. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ fún un lóògùn, ẹ lọ mú un fúnra yín.

Èmi, ẹja gbígbẹ ni mò ń lò, tí mo gé wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé. Inú yàrá ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò sí adìyẹ tó lè fa ojú rẹ̀. Mo pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ó bá ti yíjú, mo ti ń yìn ín. Bí ó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ẹja ti wà nílẹ̀. Kí ìyìn má pẹ́ o, torí ajá kì í so èrè ọ̀sán mọ́ iṣẹ́ àárọ̀. Láti yàrá a bọ́ sí àgbàlá, láti àgbàlá a bọ́ sí oko pẹ̀lú okùn mítà 10 tí mi ò ní fà, tí mo kàn máa fẹsẹ̀ tẹ̀ bó bá fẹ́ sá. Nínú ìgbà 10 tí mo bá pè é, mo ń jẹ́ kó padà sídìí eré rẹ̀ nígbà 9, kó má baà rò pé ìpè ni òpin ìgbádùn. Ó lè gba oṣù mẹ́fà. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà náà.

Pavlov, onímọ̀ ọmọ Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, fi hàn pé itọ́ ajá máa ń dà nítorí ìró lásán, bí ìró náà bá ti máa ń ṣáájú oúnjẹ. Àwọn ọdẹ wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, síbẹ̀ bàbá mi kì í fọn fèrè láìjẹ́ pé ìfun ẹran wà nínú àpò rẹ̀. Mo rí i lójú ara mi, mi ò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀ títí ó fi kú.

Ní ti akọni tí ẹ ń wá, àwọn kan ń da ata sí oúnjẹ ajá, wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n so ó láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kí inú rẹ̀ lè burú. Ẹ̀rù ni wọ́n ń sìn, kì í ṣe ìgboyà. Ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ aládùúgbò tó wá mú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ajá wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Láti ọ̀sẹ̀ 3 dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù, nítorí náà bó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ gbé e jáde. Kó gbọ́ ìró zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, kó rí ọmọ iléèwé, kó rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń jó pẹ̀lú irin tó ń dún lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ gbé e sí o, ẹ má sọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jà kó tó gba àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, torí àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń pa ọmọ ajá.

Ọ̀rọ̀ dìgbòlugi wá ńkọ́? Mo bá wọn sin ọmọ ọdún 9 kan ládùúgbò wa. Ajá ti bù ú jẹ ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, egbò náà sì ti san, ẹnikẹ́ni kò rántí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé ife omi sún mọ́ ọn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń sún kì, ó ń ti ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Bí àmì bá ti yọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń yè é. Láti 1885 ni Pasteur, onímọ̀ ọmọ Faransé, ti mú kí wọ́n gún ọmọ tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní abẹ́rẹ́, ọmọ náà yè. Ẹ má fi àgbo dá ọmọ dúró sílé. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kódà kó jẹ́ pé eyín kàn ha ara lásán ni. Kí ajá yín náà gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ bó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ tún un gbà nígbà tí dókítà ẹran bá dá fún yín. Ẹni tí kò bá lè rówó abẹ́rẹ́, kó má tíì ra ajá.

Abo ajá mi bí mẹ́rin ní Sátidé tó kọjá. Ojú wọn kò tíì là. Mi ò ta wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan, kó wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, kó ti ronú orúkọ tó fẹ́ sọ ọ́ sílẹ̀, kó sì pe orúkọ náà sí mi létí. Bí mo bá gbọ́ ìjà nínú rẹ̀, a jọ máa jókòó wá òmíràn.

Èmi ni bàbá yín, ní Kétu.