Imú ìyá mi ni mo ń bò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò yìí kò ju ọ̀rọ̀ ìbòmú lọ, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2022 tó kọjá, mo lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìpẹrù. Gbọ̀ngàn náà lẹ́wà, èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n sì ti gbogbo fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Mo bo imú mi, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa bá mi níbẹ̀, ó fa okùn ìbòmú náà létí mi, ó ní, "Ìyá Olóbì, ṣé ẹ ò tíì gbọ́ pé Kòrónà ti lọ ni? Ìjọba fúnra wọn ti ní ká bọ́ ọ." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. N ò fèsì, nítorí ọjọ́ ayọ̀ ọlọ́jọ́ ni. Èsì náà ni mo ń kọ yìí.

Òótọ́ ni pé oṣù Kejìlá náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìbòmú kì í ṣe dandan mọ́, ẹni tó bá wù ló lè lò ó. Inú mi dùn sí i. Obì gbàǹja ni mo ń tà ní Ṣàgámù níbí, mo sì mọ ohun tí kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 fi ojú wa rí. Apẹ̀rẹ̀ obì wà nílẹ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sókè Ọya ò rí ọ̀nà, kòkòrò sì dé bá a níbi tó wà. Ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà ni ará Ítálì tí àyẹ̀wò kọ́kọ́ fi hàn pé ó ní àrùn náà ní Nàìjíríà wá ṣiṣẹ́, ní Èwèkorò, ní ìparí oṣù Kejì ọdún náà. Lọ́dún 2020 àti 2021, a ò rí Ojúde Ọba ṣe n'Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí àwọn régbérégbé tún jó jáde lẹ́yìn Iléyá ọdún 2022, omi bọ́ lójú mi. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀kùn títì ló wù mí.

Àmọ́ bí òfin ti kúrò lọ́rùn wa yìí, ọwọ́ oníkálukú ni ìpinnu bọ́ sí, ohun tó bá ilé kan mu kò sì lè bá gbogbo ilé mu. Ìyá mi tí a jọ ń gbé ti pé ọdún 84. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Àrùn tí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè fi ikọ́ ọjọ́ mẹ́ta yanjú lè sọ irú wọn di ẹni tí a ń wá ọ́síjìn kiri fún. A ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, èmi àti wọn. AstraZeneca ni, irú èyí tó tó mílíọ̀nù 4 díẹ̀ ló kù tó wọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Abẹ́rẹ́ ń gba ẹ̀mí là, mo sì ń bẹ ẹni tí kò tíì gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á ṣì lè kó àrùn náà, kó sì gbé e fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín ní Ìpẹrù, imú ìyá mi ni mo ń bò lọ́jọ́ náà.

N kì í bò ó níbi gbogbo. Bí mo bá ń ná ọjà ní gbangba, mo ṣí imú mi sílẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo bò ó, mo sì ń bẹ dẹ́rẹ́bà kó ṣí fèrèsé, ìbáà jẹ́ nínú eruku ọyẹ́. Nígbà tí àrùn yìí kọ́kọ́ dé, ṣe là ń fi ọṣẹ fọ tòmátì, tí à ń nu owó. Ọwọ́ fífọ̀ dára, ó ń gbà wá lọ́wọ́ onígbáméjì, ẹ má jẹ́ ká jáwọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí a jọ ń mí nínú yàrá tí a tì pa ni Kòrónà ń bá rìn jù. Ó wá ń bà mí nínú jẹ́ pé fèrèsé ṣíṣí la kọ́kọ́ pa tì, sànìtáísà ẹnu ọ̀nà la dì mú.

Nílé obì mi, obìnrin mẹ́wàá ló ń jókòó yí abọ́ ńlá ká, tí wọ́n ń bó èèpo funfun kúrò lára obì tí a ti rẹ sómi. Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ni, pẹ̀lú orin, pẹ̀lú ìtàkúrọ̀sọ. Inú yàrá tí a ń kó obì sí ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí atẹ́gùn má baà gbẹ ẹ́. Láti 2020 ni mo ti kó wọn bọ́ sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé, tí mo ń fi ewé tútù bo obì. N ò tíì dá wọn padà sínú ilé, n ò sì ní dá wọn padà. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, mo ní kó dúró sílé, mo sì ń san ìdajì owó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún un. Bí n ò bá san án, yóò gbé ikọ́ náà wá ni, n ò sì lè bá a wí, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun.

Èmi náà ti ṣe ohun tí kò dáa rí. Ní ìparí ọdún 2021, ọ̀fìnkìn mú mi, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí, mo ní ọyẹ́ ni. Mo lọ síbi ìsìnkú kan, mo ń dì mọ́ tọmọdé tàgbà. Lọ́jọ́ kẹrin, àǹtí mi tí a jọ jókòó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n lò nílé ìwòsàn kí Ọlọ́run tó bá wa ṣe é. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ohun tó gbé mi jáde nílé lọ́jọ́ náà ni ẹ̀rù pé wọ́n á ní, "Lágbájá ò wá síbi òkú wa." Ẹ sì mọ bí a ṣe ń fi èyí sínú fún ọdún mẹ́wàá ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn olóde. Nígbà tí ẹ bá ń pín aṣọ ẹbí, ẹ fi kún un pé: "Bí ara yín ò bá yá, ẹ dúró sílé, a ò ní bínú. Ìkọ́kọrẹ́ yín á bá yín nílé." Bí ẹ bá lágbára àtíbàbà, ẹ ta á síta. Bó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ni, ẹ ṣí fèrèsé, kí fáànù máa fẹ́. Ẹni tó bá bo imú, ẹ fi í sílẹ̀. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ tí àwọn bàbá wa fi lélẹ̀ kò gba ká fara kanra, àìpẹ́ yìí la kọ́ ìdìmọ́ra.

Lóṣù tó ń bọ̀, ọmọ-ọmọ ìyá mi kan ń ṣègbéyàwó ní Òde-Rẹ́mọ. Ìyá mi ti ní àwọn á lọ, ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Mo ti bá olóde sọ ọ́: abẹ́ àtíbàbà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọn yóò jókòó sí, èmi yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọn, kó kúnlẹ̀ níwájú níbẹ̀. Ojú wọn ṣì ríran dáadáa, wọ́n á rí i, wọ́n á sì kì í.

Èmi ni tiyín,
Oníṣòwò obì kan, Ṣàgámù.
Oṣù Kíní, ọdún 2023.