Má Tíì Fún Un Ní Nọ́ńbà Náà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ kọkànlá nìyí tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e, àfi bí mo ṣe gbọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ níbi ìkómọ pé o fẹ́ ta iṣẹ́ ọjà ìkókó tí o ń ṣe lórí Instagram, àti pé ẹni tó fẹ́ rà á ní kí o kọ́kọ́ fi nọ́ńbà WhatsApp rẹ, èyí tí àwọn oníbàárà fi ń bá ọ rajà, lé òun lọ́wọ́ pátápátá kí òun tó san owó tó kù. Nọ́ńbà yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

N kò ní kí o má tà á. Mo ti rí ọ lóru, tí o pọn ọmọ tìrẹ, tí o ń di ìlédìí àti fídà sínú báàgì. Ẹrù tó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti kà, kí ẹ sì dá owó lé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrù nìkan ni ẹ ń sọ. Àwọn abiyamọ tó fọkàn tán ọ, tí wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó rí ẹrù, ni ẹni náà ń rà. Nọ́ńbà yẹn so mọ́ NIN rẹ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún ọ, orúkọ rẹ ló sì wà ní CAC, níbi tí ìjọba ti ń forúkọ okòwò sílẹ̀: bí ẹni náà bá gbowó ẹnìkan tí kò fi ẹrù ránṣẹ́, ilẹ̀kùn rẹ ni ọlọ́pàá yóò kàn.

Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa fi irú ọ̀rọ̀ báyìí pamọ́ fún mi? Bóyá èmi náà ni. Mo sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé olè ló kó ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Gbági ní 1994. Kò sí olè kankan. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì daṣẹ́ sílẹ̀ tí ọjà kò tà mọ́, mo tà á fún ọ̀rẹ́ mi, mo gba ìdajì owó, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ àti ìwé oníbàárà lé e lọ́wọ́. Kí ọdún tó yí, ó ti fi orúkọ mi ra àwìn káàkiri. Èmi ni mo san gbèsè náà, owó ilé ìwé rẹ gan-an sì bá a lọ, bẹ́ẹ̀ mo jẹ́ kí o máa torí owó yẹn bínú sí bàbá rẹ.

Jẹ́ kí owó pé ní báǹkì ná. Kí ẹ kọ̀wé níwájú lọ́yà, kí ẹ yí orúkọ padà ní CAC, kí ó lo nọ́ńbà tirẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà pé ọwọ́ rẹ ti kúrò níbẹ̀. Bí kò bá lè dúró, kí ó máa lọ.

Pè mí lálẹ́ òní. Bí o bá tilẹ̀ ti fún un ní nọ́ńbà náà, ṣáà pè mí. N kò ní pariwo.

Ìyá rẹ.