Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi tó fa ẹ̀yìn ìwé mi ya

Bọ̀dá mi,

Ọmọ yín ti forúkọ sílẹ̀ fún JAMB o. Ìrọ̀lẹ́ àná ló mú ìwé rẹ̀ wá fi hàn mí. LASU ló kọ́kọ́ mú, Mechanical Engineering ló fẹ́ kà. Mo ní kò burú, mo bá wọ yàrá lọ kí ó má baà rí ojú mi. Ta ló ní kó mú LASU? Èmi kọ́. Ìyá rẹ̀ náà kọ́, torí iṣẹ́ wẹ́dà ló fẹ́ kí ọmọ náà lọ kọ́. Ẹ̀yin tí a ti ṣe fìdáù yín tán, ẹ tún wà níbẹ̀ tí ẹ ń darí ilé.

Ẹ̀yin náà lẹ mú ọ̀rọ̀ LASU wọ ilé wa. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn wà ní Ẹ̀pẹ́ wa níbí, ẹ sì máa ń dúró sí ibùdókọ̀ tí ẹ ó máa wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé T-square há abíyá. Nígbà tí mo fi máa dé SS2, ẹ ti pinnu ohun tí mo máa kà, ẹni tí mo máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ níbi tí olú ilé-ìwé wọn wà, àti gbogbo ọkọ̀ tí mo máa wọ̀: Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú, Ìkòròdú sí Kétu, Kétu sí Mile 2, Mile 2 sí Okokomaiko, ká tó wá máa wá gééti ilé-ìwé. Bàbá ní ṣé Mẹ́kà lọmọ ń lọ ni. Ẹ ní ilé-ìwé ìpínlẹ̀ wa ni, láti 1983 ló ti wà, àwa ọmọ onílẹ̀ la ò mọyì rẹ̀. ₦25,000 lọ́dún. Ẹ ní ẹja tí ìyá wa ń tà ní ọjà Olúwo á san án, á tún ṣẹ́kù. Òótọ́ ni nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Èkó fi ń dù ú.

Ẹ kò jẹ́ kí n bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí léṣọ̀n. Ẹ ní ariwo lásán ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń kọ́ mi, lẹ́yìn ìrun alẹ́, lórí tábìlì tí ìyá wa ń to ẹja yíyan sí. Títí dòní, ìwé mi ń rùn ẹja. Gẹ̀ẹ́sì, Literature, Government, Yorùbá. Ẹ ní Yorùbá ni máàkì ọ̀fẹ́, ó sì kù díẹ̀ kí ó gbé mi ṣubú nítorí àmì ohùn. Ìbéèrè 250 ni nígbà yẹn, 100 fún Gẹ̀ẹ́sì, àádọ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù, pẹ́ńsù HB la sì fi ń kun àpótí kéékèèké inú ìwé ìdáhùn. Ẹ máa ń na orí ìka mi bí mo bá kùn ún jáde. Ọmọ yín kò mọ ìyẹn. Kọ̀ǹpútà ló máa jókòó sí, ìbéèrè 180, wákàtí méjì péré, kí ẹ̀rọ sì ti ara rẹ̀ pa. Orí fóònù mi ló ti ń gbára dì, òun ló ń jẹ gbogbo dátà mi.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìwé yẹn. Past question Government, ọ̀kan ṣoṣo tá a ní. Lálẹ́ ọjọ́ kan ẹ kàn dédé gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ ṣí i dé ẹ̀yìn níbi tí ìdáhùn wà, ẹ fa gbogbo ewé ibẹ̀ ya, ẹ ká a, ẹ tì í bọ àpò. Ẹ ní ẹni tí ìdáhùn bá wà nítòsí rẹ̀ kì í ronú. Ẹ ní, "Tó o bá ti jáde ìdánwò, wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tá a jà lé lórí. Ọdún wo ni ètò ìdìbò kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà? Mo ní 1922. Ẹ ní 1923. Mo ní òfin Clifford, gómìnà òyìnbó ìgbà náà, ló mú un wá, 1922 ni. Ẹ ní ṣé òfin ni wọ́n ń dì àbí ìbò? Pé 1923 ni wọ́n tó dìbò l'Ékòó. A fà á títí tí ìyá wa fi pariwo láti inú yàrá pé ká jẹ́ kí àwọn òkú òyìnbó sinmi. Mo ní kí ẹ yọ ewé yẹn ká wò ó. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ fọwọ́ gbá àpò yín, ẹ lọ sùn.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wa: òfin jáde ní 1922, ìbò wáyé ní 1923. Ìyẹn kọ́ ni mò ń béèrè. Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé? Lẹ́tà wo ni? Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó tóbi ju èyí lọ wà láàárín wa, ṣùgbọ́n òun ló máa ń jí mi lóru.

Ọ̀sẹ̀ tí mo máa ṣe ìdánwò gan-an lẹ kó ẹrù yín lọ sí Ìkòròdú. Iṣẹ́ ti jáde, ẹ ní. Mo ṣe é, mo jáde, n kò rí ẹni gba ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yege. Máàkì mi tó, mo yege àyẹ̀wò tiwọn náà, orúkọ mi jáde. 2011 ni. Ẹ mọ èyí tó tẹ̀ lé e: owó tuntun fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ₦193,750 fún ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, ó gbéra títí dé ₦348,750. N kò bá ìjọba jà nínú lẹ́tà yìí, wọ́n ti dá a padà sí ₦25,000 ní 2014. Ẹ̀yin ni mò ń bá jà. Ẹ kò pè mí. Ẹni tó ka gbogbo ọkọ̀ tí mo máa wọ̀ dé Ọ̀jọ́ kò lè tẹ fóònù kó ní, "Àbúrò mi, apá wa ò ká a." Ọdún Iléyá ni mo tó rí yín, ẹ fa àgbò wọlé, ẹ ní mo ti sanra.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Noforija ni mo padà lọ, mo gba NCE. Ẹ máa ń pè é ní "ilé-ìwé àwọn tíṣà", ẹ̀ẹ̀kan lẹ sì yà kí mi níbẹ̀. Láti 2022 ó ti di ara yunifásítì ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Mo ti jáde kí yunifásítì tó dé bá mi, àbí ẹ ò rí i?

Lẹ́yìn tá a sin yín, ẹbí tú àpótí yín. Ìwé ilẹ̀ Poka ni wọ́n ń wá. Èmi ń wá ewé ìwé mi, n kò wí fún ẹnikẹ́ni. Kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo bá ni èsì JAMB yín, tí ẹ fi rọ́bà dì pọ̀, ọdún lórí ọdún, LASU ní gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ṣe é, tí ọ̀rọ̀ ìwé sì ti sú yín! Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, 2011 ni. Ìkòròdú lẹ ti ṣe é. Bọ̀dá mi, ìdánwò kan náà la jọ ṣe, èmi níbí, ẹ̀yin lọ́hùn-ún. Ṣé ìdí tẹ́ ẹ fi lọ nìyẹn? Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ nílò ìdáhùn yẹn? Ǹ bá ti fún yín. Ǹ bá ti fún yín láìbéèrè.

Ọmọ yín ń jẹun o. Àwọn tèmi tó wà ní pámárì ń béèrè ìdí tí ẹran bọ̀dá wọn yìí fi máa ń tóbi ju tiwọn lọ. Wọ́n ṣi orúkọ ọmọ yín kọ nínú NIN, JAMB sì rèé, bí orúkọ bá ṣe wà nínú NIN ni wọ́n ń mú un, èyí tó wà lórí WAEC rẹ̀ yàtọ̀. Àtúnṣe, owó ni. Léṣọ̀n, owó ni. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ pámárì, kí ni mo mọ̀ nínú Physics? Mo ti yáwó ní kọpuréètì àwa olùkọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n tá a bá tan jẹ́nẹ́rétọ̀ kí ọmọ lè kàwé, òun ló máa ń jáde lọ wo gálọ́ọ̀nù. LASU kì í wo ẹni tí kò bá gba 195. Lórí fóònù, kò tíì dé ibẹ̀.

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tún kù. Wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ wá, tàbí ká mú ìwé bàbá rẹ̀ wá. Èyí tẹ́ ẹ gbà fún ara yín nígbà náà, ibo lẹ fi sí? Lálẹ́ àná ó bi mí, "Àǹtí, mélòó ni dádì mi gbà ní JAMB?" Mo ní kó lọ sùn. Ó máa tún béèrè, ẹ̀yin lẹ bí i.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ló ń pè mí yìí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Poka náà ni, wọ́n ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, wọ́n ní kí n wá fọwọ́ sí i lórúkọ ọmọ yín. N kò ní fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá máa tà á, ó di ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ bá jáde.

Àbúrò yín ni.