Lẹ́tà Sí Ara Mi Tó Wà Ní Yàrá Ẹ̀yìn Lọ́dún 2016

Ìwọ tí a jọ ń jẹ́ orúkọ kan,

Mo mọ ibi tí lẹ́tà yìí yóò bá ọ: orí ẹní, ní yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Ìbàdàn, níbi tí o ti fi aṣọ dí fèrèsé kí àwọn tó ń fa omi lẹ́yìnkùlé má baà rí bí o ṣe rù. Dókítà ti sọ pé ikọ́ ife ni, pé oṣù mẹ́fà ni ìwọ yóò fi lo oògùn: oríṣi mẹ́rin fún oṣù méjì, oríṣi méjì fún oṣù mẹ́rin tó kù. Ìtọ̀ rẹ ti pupa bí omi ọsàn, ẹ̀rù sì ń bà ọ́. Oògùn ló fà á, fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni mo bá wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o jí, o lo oògùn, o sì sùn padà. Nígbà tí ìyá wa gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, o rò pé ọjọ́ mìíràn ló ti mọ́, o sì tún nawọ́ sí páálí oògùn. Orí rẹ kò dàrú. Ẹni tí kò rí kí ilẹ̀ mọ́, kí ló máa fi ka ọjọ́? Lọ́dún 1962, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Michel Siffre, wọ inú ihò kan lábẹ́ òkè Alps láìmú aago dání, ó sì lo nǹkan bí oṣù méjì níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ló pè é. Ẹni tí ara rẹ̀ le nìyẹn o, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìwọ tí ibà ń mú lálaalẹ́.

Nọ́ọ̀sì ti ní kí ẹ ṣí fèrèsé, nítorí pé atẹ́gùn máa ń gbé kòkòrò àrùn náà jáde, oòrùn sì máa ń pa á. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ohun tí èmi rí tún yàtọ̀ sí tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wá ká aṣọ náà kúrò, ìtànṣán kan gba ojú gíláàsì tó fọ́ wọlé, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti kan ìṣó tí a fi kọ́ kàlẹ́ńdà, mo mọ̀ pé àsìkò oògùn ti tó, kí n tó fi ẹnu kan oúnjẹ. N kò lò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́, n kò sì gbàgbé. Ọjọ́ tó ti ń wọ́ bí ìgbín tún wá ní ìdájí, ìyálẹ̀ta àti ìrọ̀lẹ́, oorun òru sì dùn. Lójú tèmi, ńṣe ni àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń lẹ gbogbo ọjọ́ pọ̀ di ẹyọ kan gbọọrọ. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gé e sí wẹ́wẹ́ tí ọ̀nà ọ̀fun lè gbà. Oògùn ló wo ikọ́ náà, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kí n já a jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Tó bá yá, ìtànṣán náà yóò yẹ̀ kúrò lára ìṣó, nítorí pé ojú kan náà kọ́ ni oòrùn ń gbà yọ jálẹ̀ ọdún. Má wulẹ̀ dààmú. Fi èédú fa ilà tuntun síbi tó bá yẹ̀ sí. Ìyá wa yóò pariwo nítorí ọ̀dà ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n ilà mẹ́ta péré ni ìwọ yóò fà kí oògùn tó tán.

Èmi náà ni.