Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìmọ̀ Àwọn Aṣọ́lé Wa Àtijọ́ Ṣòfò

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n la máa ń rántí. Iṣẹ́ tí aṣọ́lé (gólkípà) ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí í ṣe kíkọ́ àwọn aṣọ́lé mìíràn, kò tíì rí àpọ́nlé tó tọ́ sí i nílẹ̀ yìí, ó sì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ike Shorunmu. Ó ṣọ́lé fún Shooting Stars ní Ìbàdàn kó tó kọjá sí FC Zürich ní Switzerland àti Beşiktaş ní Tọ́kì. Òun ló sì wà lójú ilé nígbà tí Kamẹrúùnù fi pẹnárítì gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Èkó lọ́dún 2000. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002, òun ló ṣọ́lé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vincent Enyeama ló bọ́ sójú ilé, bọ́ọ̀lù kankan kò sì wọlé. Nígbà tí Stephen Keshi wá di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles, ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa, Shorunmu ló fi sídìí àwọn aṣọ́lé, Enyeama yìí kan náà ló sì ń kọ́ títí a fi gba ife Áfíríkà ní South Africa lọ́dún 2013. Alloysius Agu, tó wà lára àwọn aṣọ́lé wa ní Ife Àgbáyé 1994, náà padà wá ṣe irú iṣẹ́ yìí fún Super Eagles.

Ohun tí irú wọn mọ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò ṣọ́lé rí lè má mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ pápá tí mo ń wò ní Kubwa, Nyanya àti Karu ní agbègbè Àbújá níhìn-ín, ńṣe ni wọ́n máa ń ní kí ọmọ lọ dúró láàárín òpó méjì, kí àwọn yòókù máa gbá bọ́ọ̀lù lù ú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ fífò láti orí ìkúnlẹ̀, bí a ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ara balẹ̀ dípò ìgúnpá, bí àtàǹpàkò méjèèjì ṣe gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tó bá wá lókè, àti bí a ti ń fi ẹsẹ̀ sún dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí a tó ronú àtifò. Lórí ilẹ̀ pupa líle tiwa yìí, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ọmọ tí a kò kọ́ bí wọ́n ti ń balẹ̀ yóò bó níbàdí, ẹ̀rù fífò yóò sì máa bà á.

Síbẹ̀, pé ènìyàn ti ṣọ́lé rí nìkan kò tó. Láti 1992 ni òfin ti kọ̀ fún aṣọ́lé láti fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ gbá sí i. Láti 2025, ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù mú kọjá ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ ti fún alátakò ní kọ́nà. Ẹni tó fẹ̀yìn tì kí òfin tó yí padà gbọ́dọ̀ padà sí kíláàsì.

Mo mọ ọ̀kan ládùúgbò wa, tó ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ kan ní Kàdúná, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá báyìí. Ọ̀fẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ Sátidé, ìyàtọ̀ sì ti hàn lára wọn; ṣùgbọ́n kò rí owó tí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò sì sí ẹgbẹ́ tí yóò gbà á síṣẹ́ láìsí i.

Mo ń bẹ NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, pé kí wọ́n ṣètò ẹ̀kọ́ àkànṣe fún irú àwọn wọ̀nyí ní pápá ìṣeré Moshood Abiola níhìn-ín, kí àwọn tó wà ní Kánò, Jos, Kàdúná àti Ìlọrin lè rọ́nà dé ibẹ̀. Kí wọ́n sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹgbẹ́ inú NPFL, líìgì àgbà ilẹ̀ wa, láti ní akọ́nimọ̀ọ́gbá aṣọ́lé fún àwọn ọmọ wọn, kì í ṣe fún ikọ̀ àgbà nìkan. Bí owó kò bá tó, ti àwọn ọmọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkàwé yín ní Kubwa, Àbújá.