Dúpẹ́, káàdì ọsibítù yẹn kọ́ ni ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí

Ìsánlú, Yàgbà.

Dúpẹ́ ọmọ mi,

Okun o. Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ṣé ìkókó ti ń sùn lóru báyìí? Ìyá rẹ sọ lórí fóònù pé bó bá figbe ta, gbogbo ilé ló ń jí. Inú mi dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ náà ló fi fọ́tò ìwé kan ránṣẹ́ lánàá, ó ní ẹ ti gba ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ. Mo gbé awò mi sójú, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Káàdì ọsibítù ni. Ẹ má sọ ọ́ nù, torí òun ni ẹ máa fi hàn pé ibẹ̀ lẹ bí i sí, ọjọ́ báyìí sì ni. Àmọ́ ìwé tí ìjọba mọ̀ ni èyí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn, àwọn tí ẹ ń pè ní NPC, bá fún yín. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1992 fi ọjọ́ 60 sílẹ̀ fún òbí láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọmọ wa pé ọjọ́ 19 lónìí. Mo mọ̀ pé ara rẹ kò tíì balẹ̀, nítorí náà ka ibí yìí sí ọkọ rẹ létí: kí ó lọ lọ́jọ́ Ajé, kí ó mú káàdì yẹn dání. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó mú owó wá, kí ó fi sùúrù béèrè rìsíìtì.

O mọ̀ pé mo jìyà ìwé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi kò mọ̀wé. Ohun tó máa ń sọ ni pé iṣu tuntun ti jáde nígbà tí wọ́n bí mi, ó sì ku díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ọdún 1960 nìyẹn. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ mú mi lọ sílé ìwé, tíṣà ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí mi kọjá, kí n fi kan etí òsì. Mo nà án títí, ìka mi kò kúrò nínú irun. Mo wá dọ́gbọ́n, mo tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ lè tó etí, ni tíṣà bá fi rúlà gbé àgbọ̀n mi dìde. Àbúrò bàbá mi kò fẹ́ kí n padà sóko. Ó ní 1958 ni wọ́n bí mi, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, èmi fúnra mi kọ 1960, torí òun ni òtítọ́.

Bí mo ṣe di ẹni méjì lórí ìwé nìyẹn. Fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tó bi mí. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni wọ́n tó tú fáìlì. Ní ọ́fíìsì tí mo kó ìwé lọ, wọ́n ní bó bá jẹ́ 1958 ni wọ́n bí mi, mo ti jẹ owó-oṣù ọdún méjì tí kò tọ́ sí mi. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń gba Mọ̀pà, Kàbà àti Ọbàjànà lọ sí Lọ́kọ́ja, tí mo ń búra ní kóòtù, tí mo ń wá àgbàlagbà tó ṣì rántí. Gàrí tí ìyá rẹ ń dín la fi gbọ́ bùkátà ilé lásìkò yẹn. N kò fẹ́ kí ọmọ yìí rí irú rẹ̀ láé.

Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ orúkọ. Mẹ́sàn-án la kà lọ́jọ́ ìkómọ, èmi nìkan sọ méjì níbẹ̀. Ẹ mú mẹ́ta péré sínú ìwé, títí kan orúkọ ìdílé, kí ìyókù wà fún oríkì àti ìpè inú ilé. Bí ti èmi kò bá sí nínú rẹ̀, n kò ní bínú. Ẹ̀rọ wọn kì í kọ àmì sábẹ́ lẹ́tà, nítorí náà ẹlòmíì lè kọ Tolúwaṣe ní TOLUWASE, kí ẹlòmíì fi H sí i. TOLUWASE ni kí ẹ mú, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ nínú kádì àjẹsára, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi gbogbo. Orúkọ ìdílé gbọ́dọ̀ rí bó ṣe wà nínú NIN ọkọ rẹ gẹ́lẹ́. Kí ó má fi ẹnu pè é fún òṣìṣẹ́. Kí ó kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá sórí bébà, kí ó fi lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbé ìwé náà jáde, kí ó dúró níwájú tábìlì níbẹ̀, kí ó fi ìka tọ́ ọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ó wo ọjọ́, oṣù àti ọdún. Wọn a máa tún un ṣe kíákíá nígbà tí èèyàn kò tíì kúrò níwájú wọn.

Ohun kan tún wà tí ìfẹ́ ìlú máa ń mú àwọn ará wa ṣe. Lọ́kọ́ja lẹ bí ọmọ yìí sí. Kí ọkọ rẹ má kọ Ìsánlú síbi tí wọ́n bí i. Ìjọba ìbílẹ̀ wa ni yóò fún un ní ìwé ọmọ ìlú tó bá yá, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí ìwé-ẹ̀rí bá ti wà lọ́wọ́, ẹ lọ ṣe NIN rẹ̀. Ti òbí ni wọ́n máa so tirẹ̀ mọ́, nítorí náà kí ẹ mú tiyín dání. Lónìí, ọmọ kò lè ṣe JAMB láìní NIN, ọjọ́ ìbí tí a bá sì kọ sínú rẹ̀, owó gidi ni wọ́n ń gbà láti yí i padà. Ẹ rántí abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà pẹ̀lú.

Mo ti di iṣu, ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí fún dẹ́rẹ́bà tó máa gbéra láàárọ̀ ọ̀la. Nínú àpò ẹ̀gúsí, ẹ ó rí fáìlì aláwọ̀ ewé kan tí mo fi ọ̀rá wé. Ó mọ́ tónítóní, ìwé ọmọ nìkan ni kí ẹ máa kó sínú rẹ̀. Mo ti fi bíírò kọ TOLUWASE àti orúkọ ìdílé ní lẹ́tà ńlá sórí bébà iwájú, mo fi àyè sílẹ̀ fún ìkẹta. Kí ìwọ àti ọkọ rẹ fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì pè mí.

Bá mi kí ìyá rẹ, sọ fún un pé adìẹ rẹ̀ ti pa ọmọ.

Bàbá rẹ