Lẹ́tà sí Bàbá Darwin, lórí ewéko tó ń jẹ kòkòrò àti ọ̀rọ̀ ìbátan

Bàbá Darwin,

Ẹ ò mọ̀ mí. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń ka àwọn lẹ́tà yín, bí ẹni ń yọjú wo ilé onílé.

Ìwé yín ti 1859, lórí bí àwọn ẹ̀dá ṣe ṣẹ̀, ṣì ń da ìlú rú nígbà tí ẹ kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ yín Lyell, onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 1860 pé Drosera jẹ yín lógún ju bí gbogbo ẹ̀dá ayé ṣe ṣẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ewéko inú àbàtà lásán, tí irun ewé rẹ̀ ń sun oje bí àtè! Ẹ já méjìlá ní Sussex, ẹ ka ewé wọn, ó jẹ́ 56. Òkú kòkòrò lẹ̀ mọ́ 31. Ẹ wá ń fún un ní ẹran yíyan, wàrà àti funfun ẹyin bí ọmọ ọwọ́. Tí ẹ bá fi èérún gíláàsì tàn án, kì í pẹ́ tú irun rẹ̀ ká. Ẹran ló ń dì mú pinpin, nítorí àbàtà kò ní naitrójìn, èròjà tí ewéko fi ń dàgbà, tó. Emma ìyàwó yín ní ó jọ pé ẹ fẹ́ fi hàn pé ẹranko ni.

Emma yìí gan-an ló mú mi kọ̀wé. Ọmọ àbúrò ìyá yín ni, ó sì fi nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án jù yín lọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n lẹ ó máa pè é, kò sì sí àgbà tí yóò bá yín tọrọ rẹ̀. Ìyá ìyá mi bèèrè oríkì orílẹ̀ ọkọ mi kó tó bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọmọ 10 lẹ bí, 3 kú ní kékeré. Ní 1870, ẹ bẹ Lubbock, ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ aṣòfin, kí wọ́n fi ìbéèrè nípa ìgbéyàwó ọmọ ìbátan kún ètò ìkànìyàn 1871; ẹ ní ohun tí ẹ rí lára òdòdó fi hàn pé ó yẹ kí a wádìí rẹ̀ lára ènìyàn. Àwọn aṣòfin kọ̀. Ẹ padà sídìí ìkòkò òdòdó yín: ọmọ tí òdòdó dá bí (àdábí) lápá kan, ọmọ tó bá òdòdó mìíràn bí (àdàlù) lápá kejì. Ìran 10 lẹ fi wọn òdòdó Ipomoea. Ní ìpíndọ́gba, tí ọmọ àdàlù bá ga tó 100, àdábí jẹ́ 77.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó yàtọ̀. Ní ìran kẹfà, àdábí kan ga ju àdàlù tí wọ́n jọ wà nínú ìkòkò. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ pè é ní Hero. Bàbá, ọmọ ta lẹ ń wò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn?

Èmi ni, láti Ìbàdàn.